Ẹ Bá Wa Yọ̀: Eruku Ọyẹ́ Pé Ọgọ́sàn-án Ọdún Nínú Ìwé!

Ẹ̀yin ará Lẹkki, Ìgbó-Ẹfọ̀n, Jakande títí dé Ajah, ẹ kú oríire o! Ọdún 1846 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles Darwin tẹ àlàyé rẹ̀ jáde lórí eruku tí ọyẹ́ máa ń gbé lọ sójú òkun. Ó pé ọgọ́sàn-án ọdún ní 2026 yìí. Àwa tí ọyẹ́ ń fẹ́ lù gan-an la ni àjọ̀dún náà. Ta ló wá ní ká fi sílẹ̀ fún ará London àti Berlin nìkan?

Ọmọ ọdún 22 ni Darwin ní oṣù kìíní ọdún 1832, nígbà tí ọkọ̀ òkun Beagle tó wà nínú rẹ̀ ń sún mọ́ Porto Praya ní Cape Verde. Lókè òpó ọkọ̀, aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ti gba eruku dúró, bí asẹ́ ṣe ń gba èérí ògì. Darwin kó o, ó dì í mọ́ra. Nígbà tó yá, ìdì márùn-ún irú eruku bẹ́ẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí Ehrenberg, onímọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín, ní Berlin.

Áà, Ehrenberg! Baba náà gbé eruku sábẹ́ maikirosikóòpù, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì rí oríṣi ohun abẹ̀mí 67. Ìkarahun ẹ̀dá tín-tìn-tín wà níbẹ̀, ègé ara ewéko náà wà níbẹ̀. Àfi méjì tó jẹ́ ti òkun, ẹ̀dá omi tí kò níyọ̀ ni gbogbo àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín náà. Kò rí èyíkéyìí nínú àwọn tó mọ̀ sí ti Áfíríkà nìkan. Ó tilẹ̀ rí méjì tó jẹ́ pé Gúúsù Amẹ́ríkà nìkan ló ti mọ̀ wọ́n. Síbẹ̀, Darwin ò yẹsẹ̀: àsìkò ọyẹ́ ni eruku yìí ń bọ́, ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà sì ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀.

Òun ló gba ayò! Lónìí a mọ̀ pé Bodélé, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, wà lára ibi tí eruku ti ń jáde jù lágbàáyé, ìsàlẹ̀ adágún Chad àtijọ́ sì ni. Adágún gbẹ, ìkarahun ṣẹ́kù, ọyẹ́ ń kó o.

Eruku Darwin ṣì wà ní mùsíọ́mù ní Berlin. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn fún un lóúnjẹ, kòkòrò àìfojúrí sì sọjí nínú rẹ̀!

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ajah, bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ gbọn eruku orí gíláàsì ọkọ̀ sábẹ́ maikirosikóòpù ilé ìwé yín.