Àrùn Ọ̀nà Ìtọ̀ Kì Í Ṣe Àtọ̀sí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí lè ti àwọn mìíràn lójú, ṣùgbọ́n àwa kò ní í torí ìtìjú pa á mọ́ra, nítorí pé ó ti ń da ilé rú láàrin àwọn ènìyàn wa ní Àbújá yìí. Bí obìnrin bá ń tọ̀ tí ó ń ta á bí ata, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́, tí èyí tí ó jáde kò sì tó nǹkan, ohun tí ọkọ ń kọ́kọ́ bi í ni pé, “Níbo ni o ti kó àtọ̀sí wá?” Àwọn àgbà Ẹgbẹ́ ti parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lóòótọ́ àtọ̀sí wà, ìbálòpọ̀ ni a sì fi ń kó o. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń fa àrùn ọ̀nà ìtọ̀ jù lọ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Escherichia coli, tí Theodor Escherich ará Jámánì ṣàpèjúwe ní ọdún 1885. Inú ìfun wa ni ó ń gbé, kì í sì í sábà ṣe wá ní nǹkan níbẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti ihò ìdí rìn dé ojú ọ̀nà ìtọ̀, tí ó sì gòkè lọ sí àpò ìtọ̀, ni ìjàngbọ̀n dé. Òun ni a ń bá lára bí 75 nínú 100 àwọn tí àrùn náà mú. Klebsiella, Proteus, Enterococcus àti àwọn mìíràn ni ó pín ìyókù. Ara ẹni ni ó sábà ń ti wá. Àwọn tí ń pè é ní àrùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n sì ń bá aládùúgbò jà nítorí ṣáláńgá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. (Kí a fọ ṣáláńgá dára o, nítorí kọ́lẹ́rà.)

Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò ju bí sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin tó bí 20. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ìdajì àwọn obìnrin ni ó ń ní in lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láyé wọn. Ìbálòpọ̀ tọkọtaya pàápàá lè ti kòkòrò náà wọlé. Ìyẹn kò sọ ìyàwó di panṣágà. Aláboyún, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí a fi rọ́bà sí lára láti fa ìtọ̀, àti bàbá àgbà tí prostate rẹ̀ wú tí ìtọ̀ kò fi tán nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni kí ó ṣọ́ra. Kí ìyá sì kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ láti máa nu ìdí láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà ní Wuse, Garki àti Nyanya, a mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ mu omi, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n yín níbi tí kò sí ilé ìtọ̀ tí ó ṣeé wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tí ẹ ń ti Mararaba wá síbi iṣẹ́, tí ọkọ̀ ń há mọ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ni ó ń fọ ọ̀nà náà. Bí ó bá pẹ́ nínú, kòkòrò á máa bí sí i. Níbi tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹyọ kan lè di méjì láàrin 20 ìṣẹ́jú.

Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù ni kápúsù tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn. Ẹni tí ó lo méjì lónìí tí ó dáwọ́ dúró lọ́la ń kọ́ kòkòrò náà bí a ti í borí oògùn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ gbé ìtọ̀ fún wọn nínú ìgò mímọ́ kí ẹ tó lo ohunkóhun. Aláboyún ní láti ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ bí kò tilẹ̀ dùn ún, nítorí pé àrùn náà lè wà láìfi ara hàn, kí ó gun kíndìnrín, kí oyún sì tètè bọ́. Ẹni tí ibà àti òtútù mú, tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn, tí ó ń bì, kí ó má ṣe jókòó ti oògùn ibà. Kí ó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

A ó gbé ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ ọjà wá sí ìpàdé Ẹgbẹ́ tí ń bọ̀. Kí gbogbo ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù wá sọ bí ti ọjà tirẹ̀ ti rí, bóyá ó ní omi, bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, àti iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.