Pátákó ẹ̀rọ kún àpótí, kí la fi ṣe?

Àwọn kan wà tó fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ. Pátákó pẹlẹbẹ kan, tó lè má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Ó lè ṣí omi sí ọgbà nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó lè sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó nínú ilé adìyẹ. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ra pátákó yìí ju bí wọ́n ṣe lè lò ó lọ.

Arduino, tó gbajúmọ̀ nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní ọdún 2005, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Raspberry Pi tẹ̀ lé e ní oṣù kejì ọdún 2012. Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ló ṣe é, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wọn ń dínkù. Dọ́là 35 ni wọ́n ń tà á, nǹkan bí 17.000 sẹfà nígbà náà. Ní ọdún 2015, wọ́n gbé Pi Zero jáde ní dọ́là 5, wọ́n tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé ìròyìn wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2021, Pico dé ní dọ́là 4, nǹkan bí 2.200 sẹfà, láìka owó ọkọ̀ àti owó ibodè.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìdẹkùn wà. Ohun tó bá wọ́n, èèyàn á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó rà á. Èyí tí owó rẹ̀ kò tó owó adìyẹ, ta ló ń ka iye tó ti rà? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ ní Dantokpa mọ obìnrin tó ní aṣọ mẹ́fà nílé tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, tó sì tún ń na keje wò. Aṣọ tilẹ̀ sàn, ó ṣeé fún ọmọ ìyàwó.

Ẹni tó ra Raspberry Pi nìkan, irin ọkọ́ láìsí ẹrùkọ́ ló rà. Wáyà iná kò bá a wá, káàdì tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí kò bá a wá. Ó tún gbọ́dọ̀ wá àkókò láti kọ́ bí a ṣe ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé, èyí tí ọlọ́jà kankan kò tà. Ẹni tó ń ra ìkarùn-ún rò pé ìmọ̀ lòun ń rà.

Bẹ́ẹ̀ ó ń gbó níbi tó wà. Àgbàdo inú àká lè gbówó lórí. Raspberry Pi àkọ́kọ́ ní agbára ìrántí 256 MB. Èyí tó jáde ní ọdún 2020 ní 8 GB, ìlọ́po 32.

Àwọn kan á ní, owó ara wọn ni wọ́n ná, kí ló kàn wá? Láàárín ọdún 2021 sí 2023, chip wọ́n káàkiri ayé. Pátákó olówó dọ́là 35 di èyí tí àwọn kan ń tà ju 100 dọ́là lọ, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà sì ń ta ẹyọ kan péré fún ẹnì kan. Olùkọ́ dúró, oníṣẹ́ kékeré dúró. Mi ò sọ pé àwọn akójọ ló fa ọ̀wọ́n náà, láti ilé iṣẹ́ ló ti wá. Síbẹ̀, ohun tí àwọn wọ̀nyí ń wá kiri ń sùn nínú àpótí ẹlòmíràn.

Nítòsí wa níbí, ní Lomé, Afate Gnikou ti WoeLab ṣe ẹ̀rọ kan ní ọdún 2013 tó ń fi rọ́bà yíyọ́ mọ nǹkan. Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí wọ́n ti jù nù ló ti yọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó máa wá ẹ̀yà kiri.

Bí ọmọ yín bá béèrè owó pátákó, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Bó bá ní ohun tó ń bu omi rin ọgbà ìyá àgbà ni, ẹ ra ẹyọ kan fún un pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Ìkejì lè dúró di ìgbà tí omi bá ti ń ṣàn. Ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun náà, bí èyí tí ẹ kò lò bá wà nílé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níbí á lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi káàdì àti wáyà iná sí i kí ẹ tó dì í.