Ẹ Má Sunkún Nítorí Ìpín Àgbẹ̀ Tó Ń Dínkù

Nígbàkúùgbà tí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ ajé Nàìjíríà, igbe kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ẹ padà sí oko!" Wọ́n ní nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń pèsè ju ìlàjì ọrọ̀ ilẹ̀ yìí lọ, lónìí, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Òótọ́ ni ìṣirò náà. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni mi ò gbà.

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oúnjẹ ni tálákà ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n bí owó oṣù bàbá kan bá di ìlọ́po méjì, ṣé àmàlà rẹ̀ náà yóò di ìlọ́po méjì? Rárá o. Yóò ra bàtà fún ọmọ, yóò sì pe bíríkìlà kó wá parí ilé. Oúnjẹ rẹ̀ kò dín. Ìpín oúnjẹ nínú owó rẹ̀ ló dín. Bó ṣe rí nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ló rí ní orílẹ̀-èdè. Ní Gúúsù Kòríà, iṣẹ́ àgbẹ̀ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọrọ̀ wọn ní 1960. Lónìí, kò pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ló lè pè wọ́n ní tálákà?

Tiwa ló yàtọ̀. Owó epo rọ̀bì ló dé tó bo àgbẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í ṣe pé oko ti dára. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta òṣìṣẹ́ wa ṣì wà lóko, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọrọ̀ ni wọ́n ń pèsè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ohun tí àgbẹ̀ kan ń mú wá kò tó ti òṣìṣẹ́ mìíràn. Ọkọ́ àti àdá ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń lò. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wú lónìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà oko kò ṣeé gbà lójò. A ń ta kòkó ní hóró sí òkè òkun, a sì ń ra ṣokoléètì padà. Ẹni tó bá ń lé ọ̀dọ́ padà sírú oko bẹ́ẹ̀, inú ìṣẹ́ ló ń lé e sí.

Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955. Àgbẹ̀ tó rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé nígbà náà mọ̀ pé ọmọ ọ̀hún lè di nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́. Ṣé ọ̀dàlẹ̀ wá ni ọmọ náà?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ẹ̀yin lẹ ní ká padà sóko. Ẹ̀yin náà lẹ ń sọ fún ọmọ tó bá kùnà ìdánwò pé àgbẹ̀ ni yóò dà, tí ẹ sì ń fi oko ríro jẹ wá níyà. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Kí ẹni tó yan iṣẹ́ àgbẹ̀ rí katakata, ọ̀nà tó dára àti ibi tí yóò kó irè oko pamọ́ sí. Kí ẹni tó fi oko sílẹ̀ rí iṣẹ́ gidi, yálà níbi tí wọ́n ti ń sọ kòkó di ṣokoléètì tàbí níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì. Bí èyí bá ti ṣeé ṣe, ìpín àgbẹ̀ ìbáà di ìdá kan nínú ogún, mi ò ní sunkún.