Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Bọ́ Ọmọkùnrin Kan Láṣọ Nítòsí Òjé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kàwé ní Brighton, ìlú etí òkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ní àwọn bàbá arúgbó méjì ló ni ilé tí òun ń gbé, pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń gbé pọ̀ bí ọkọ àti aya. Nígbà tí òtútù dá a dùbúlẹ̀, àwọn ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà ládùúgbò náà tó máa ń wọ aṣọ obìnrin ọlọ́lá ayé àtijọ́, tí yóò dé fìlà oníyẹ̀ẹ́ gàgàrà, tí yóò sì fa ajá kékeré kan lọ sí etí òkun, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé irú ìlú báyìí lè wà nílé wa?"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ bá yín rò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé Brighton kò ti ọ̀run bọ́ bẹ́ẹ̀. Abúlé apẹja ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà di Ọba George Kẹrin ló sọ ọ́ di ibi fàájì. Ó kọ́ ààfin kan síbẹ̀ tó dà bí ilé àwọn ará Íńdíà. Ní 1841 ni ọkọ̀ ojú irin so ìlú náà mọ́ London, tí àlejò wá ń rọ́ wọlé. Ìlú tó ń jẹun lára àlejò kò lè máa yẹ àlejò wò láti orí dé ẹsẹ̀ kí ó tó gba owó rẹ̀. Síbẹ̀, títí di 1967, ẹ̀wọ̀n ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ń kà fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀. Ní 1973 ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwọ́de ní Brighton, ìwọ́de náà sì dákẹ́ fún ọdún púpọ̀. Òfin 1988, tó ka gbígbé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lárugẹ léèwọ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ló tún ta wọ́n jí. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2021, nǹkan bí 10.7 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ibẹ̀ ló sọ pé ìfẹ́ tiwọn kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sí ìlú tó jù ú lọ nínú èyí ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales.

Òjé náà ń jẹun lára àlejò. Kò sí òkun ní àárín Ìbàdàn àtijọ́, àmọ́ bí ọjà ìtàdógún bá pé, ènìyàn a máa ru bí omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn àti ibòmíràn ti ń tú aṣọ òkè wọn, tí àwọn tó ń múra ìgbéyàwó sì ti ń ti Èkó wọlé wá yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná. Mo mọ ọjà yẹn láti kékeré. N kò tíì rí ẹni tí wọ́n bi léèrè ẹ̀sìn tàbí ìdílé rẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn iye tí sányán jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ní ọjọ́ ọjà kan, mo ń bọ̀ láti ọ̀nà Bẹẹrẹ nígbà tí mo rí i tí àwọn ọmọkùnrin kan pagbo. Ọ̀dọ́ kan ni wọ́n fi sáàárín, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó dirun, ó lé tìróò, ó sì fi yẹtí sí etí kan. Orúkọ tí wọ́n ń pè é kò ṣeé kọ síbí. Ọ̀kan ti fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya láti ọrùn dé ìdí, òmíràn ti na fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Mo dúró. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ n kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: èmi tí mò ń kọ̀wé fún yín lójoojúmọ́, mo dúró, mo ń wò.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè ló la àárín wọn kọjá. Ó tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà, ó wá yíjú sí wọn: "Ṣé ẹ̀yin lẹ bá a ra aṣọ tí ẹ ń bọ́ yìí ni?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀. Wọ́n tú ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́rọ fídíò ló kẹ́yìn.

Ó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn mọ ohun tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń fà. Ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé ìyàn tàbí àjàkálẹ̀ àrùn kọ́ ló pa Ìbàdàn àkọ́kọ́ run, èyí tí Lágelú tẹ̀ dó. Egúngún kan ni wọ́n tú láṣọ lọ́jà. Obìnrin àti ọmọdé rí ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Aláàfin, ogun dé, ìlú di ahoro. Lágelú àti àwọn tó ṣẹ́kù sá gun òkè, wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Oríkì ìlú wa kò tíì gbàgbé oúnjẹ yẹn. Mo máa ń ṣàkíyèsí pé àwa tí à ń fi ìgbín náà yangàn kì í sábà dárúkọ ohun tó sọ wá di ajẹ̀gbín. Mo mọ̀ pé ẹ̀kú egúngún àti ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ kan kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹ̀rín inú ọjà méjèèjì ni mo rò pé ó jọra.

Òkè tó gbà wọ́n là nígbà náà ni Ìbàdàn ń bọ títí di òní, òrìṣà inú rẹ̀ sì jẹ́ abo: Àtàgẹ̀ Ọlọ́mú Orù. Ní oṣù kẹta, bí ọdún Òkè'Bàdàn bá dé, ọjà a dá, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa kiri ìgboro pẹ̀lú orin èébú tó ń dárúkọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ìdodo tọkùnrin tobìnrin láìfi ohunkóhun bò ó. Ẹni tó bá bínú lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ ló ń bínú sí. Abọ̀kè, olórí àwòrò òkè náà, ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n nítorí òrìṣà tó ń sìn, aṣọ obìnrin ló ń wọ̀ jáde, irun rẹ̀ a sì wà ní dídì. Ìre ni wọ́n ń gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé elégùn Ṣàngó náà ń dirun, tí à ń pè é ní ìyàwó òrìṣà, irùngbọ̀n ì báà wà lágbọ̀n rẹ̀. Ní Kétu, ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ní ọmú àti ìdí obìnrin, àjọ UNESCO sì ti bu ọlá fún un láti 2001.

Àwọn kan yóò ti ibí yìí fò sórí pé àwọn baba wa fọwọ́ sí kí ọkùnrin máa fẹ́ ọkùnrin. N kò bá wọn dé ibẹ̀. Irun Abọ̀kè kò sọ ẹni tó ń bá a sùn fún wa, kò sì kàn wá. Ohun tó fi hàn kò ju pé ojú Ìbàdàn ti mọ ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin láti ọjọ́ pípẹ́, òkúta kọ́ ló sì fi ń kí i.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé òfin ti dé. Òótọ́ ni. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 ka ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún akọ méjì tàbí abo méjì tó bá fẹ́ ara wọn, ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé òfin wa, Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn ló kó o wá. Wọ́n pa tiwọn rẹ́ ní 1967, tiwa ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí òfin náà ṣe ń rìn. Ní 2018, ní Ẹ̀gbẹ́dá l'Ékòó, wọ́n kó ọkùnrin tó lé ní 50 ní òtẹ́ẹ̀lì kan. 47 dé iwájú adájọ́. Ìgbà tó di oṣù kẹwàá 2020, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹjọ́ náà nítorí pé ìjọba kò mú un ṣe. Orúkọ wọn ti bàjẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ní 2022, aṣòfin kan l'Ábújá gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹni tó bá wọ aṣọ akọ tàbí abo tí kì í ṣe tirẹ̀ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà. Ó yọ àwọn òṣèré orí ìtàgé sílẹ̀. Mo rò ó títí, n kò mọ ibi tí wọn ì bá fi Abọ̀kè sí. Àbá náà kò di òfin.

Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì ní ọ̀rẹ́ àáfà méjì tí wọ́n ń bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti wàásù títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Ìwàásù kọ́ ni mo rí nítòsí Òjé. Nínú gbogbo òfin tí mo kà sókè yìí, kò sí ọ̀kan tó fún ọmọ ìgboro láṣẹ láti fa ṣẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni ya, tó sì ní kí ó ya á ní fídíò fún ìyá tó bí i lọ́mọ láti wò.

Àná ni mo tó fi ohùn ránṣẹ́ padà sí Brighton. Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé n kò rí irú ìlú tó ń wí, ìyá kan ṣoṣo ni mo rí. Mo ròyìn fún un pé nígbà tí ọjà ìtàdógún míràn pé, mo yà sí ìsọ̀ ìyá náà láti ra ẹtù. Ìborùn yẹn wà léjìká rẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin náà ti dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ ọjà yẹn gan-an, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì fi ọsàn mẹ́rin sórí rẹ̀.