Ẹni Tó Gbọ́ Ìwé Ti Ka Ìwé

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ torí pé ó ń fi gbọ́ ìtàn dípò kó jókòó ti ìwé, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí sí. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí wọ Efire àti àwọn ìlú Ògùn Waterside, ohun kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu yín: ẹni tó gbọ́ ìwé kò tíì kà á, ọ̀lẹ ló ń gbọ́, akíkanjú ló ń kà. Irọ́ ni. Irọ́ náà ò sì kéré, torí ó ń gba ìwé tó dùn jù lọ tí a ní lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó gbádùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ ọ́ fún ìdíje kan tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1936, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Ẹ ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ìlù ni òǹkọ̀wé fi ìtàn rẹ̀ wé. Ó fi ara rẹ̀ ṣe onílù, ó fi àwa òǹkàwé ṣe oníjó. Kò mọ síbẹ̀. Ó tún ní ìgbàkígbà tí ẹ̀dá inú ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, kí á fi ara wa sí ipò rẹ̀, kí á máa sọ ọ́ bí ẹni pé àwa gan-an ni. Ṣé ẹni tó fẹ́ kí á panu mọ́, kí á máa fojú tọ lẹ́tà, ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni Àkàrà-oògùn wọlé dé, arúgbó ọdẹ, tó ní kí òǹkọ̀wé mú kálámù. Baba ń sọ, òǹkọ̀wé ń kọ. Kò pẹ́ tí ará ìlú fi gbọ́ sí i, tí wọ́n ń wá jókòó, tí èrò ń pọ̀ sí i. Ẹ wò ó dáadáa: ẹnì kan ṣoṣo ló di kálámù mú nínú gbogbo wọn. Etí ni àwọn yòókù gbé wá. Ta ni yóò dìde láti sọ pé wọn ò mọ ìtàn náà?

Àwa fúnra wa kì í tẹ̀ lé òfin pé gbígbọ́ kì í ṣe kíkà níbòmíràn. Odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní 1884. Ìyá àgbà mélòó ló wà nínú ìjọ yín tí kò lè ka ẹsẹ kan, tó sì lè sọ bí Jósẹ́fù ṣe dé Íjíbítì fún yín láì fo ibì kan? Ẹ dé ilé kéú, ohùn ni ọmọ fi ń gba Àlùkùránì lẹ́nu àfáà. Nígbà tí Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Lánrewájú Adépọ̀jù ń gbé ewì jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì, ẹ rà á, ẹ gbọ́ ọ títí ẹ fi mọ̀ ọ́n lórí, ẹ ò sì pe ara yín ní ọ̀lẹ. Nígbà tó kan ìwé Fágúnwà ni gbígbọ́ wá di ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti àmì ohùn. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń kà ní Yorùbá ni kò lámì tó bó ṣe yẹ, ilé ẹ̀kọ́ ò sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ka èyí tó ní. Ẹ jókòó ti ọmọ kan tó ń ka Fágúnwà, ẹ wo ìka rẹ̀ lórí ìlà. Ó dé ọ̀rọ̀ kan, ó pè é bí òmíràn, ó rí i pé kò bá èyí tó tẹ̀ lé e mu, ìka padà sẹ́yìn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn Fágúnwà sì gùn, ó máa ń to ọ̀rọ̀ jọ lérí ara wọn, ó ń fọ́nnu, ó ń fi òwe lé òwe. Kí ọmọ náà tó dé ibi àmì ìdánudúró, eré ti sá kúrò nínú ìtàn. Ẹ ó wá ní ọmọ ò fẹ́ràn Yorùbá. Ọmọ fẹ́ràn Yorùbá o! Ojú ìwé ni kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ń gbọ́ ọ ni, ẹni tó mọ̀wé kà ti yan ohùn kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ọmọ, ìtàn nìkan ló kù fún un láti tẹ̀ lé.

Mo mọ ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń ṣe gàrí, tó ń gbọ́ ìwé Fágúnwà yìí lórí fóònù. Inú àwo tánganran tó ṣófo ló máa ń gbé fóònù sí kí ohùn lè ró sókè, ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ òsì. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún tó ko Àkàrà-oògùn lójú nínú igbó, mo wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ dúró. Ó ní, "Ọmọ yìí, dá a padà sẹ́yìn, mi ò gbọ́ bó ṣe bọ́." Lálẹ́, òun ló ń sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò, tòun ti ìró ìjà. Ẹ sọ fún mi pé ìyá yìí ò ka ìwé.

Àwọn kan á ní ọkàn ẹni tó ń gbọ́ máa ń rìn lọ. Ojú náà ń rìn lọ. Gbogbo wa la ti ka ojú ìwé kan dé ìsàlẹ̀ láì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Beth Rogowsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán èyí wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016: àwọn àgbàlagbà tó gbọ́ ìwé àti àwọn tó kà á kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra nínú ohun tí wọ́n rántí. Mi ò ní fi òdìkejì pamọ́. Ní 2010, David Daniel àti William Woody rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ iṣẹ́ kíláàsì kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò tó àwọn tó kà á. Mo gbà á. Ìwé iṣẹ́ kíláàsì kì í ṣe ìtàn. Ọmọ tó ń lọ ṣe WAEC ní Yorùbá gbọ́dọ̀ rí bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀, kó sì lè padà sí ojú ìwé tó fẹ́ tọ́ka sí. Bébà kò sì nílò iná, àwa tá a mọ bí iná ṣe rí ní Ògùn Waterside kò ní fojú kéré ìyẹn.

Síbẹ̀, gbígbọ́ ìwé kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1935, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún àwọn afọ́jú ní Ìlú Ọba, tí sójà tí ogun fọ́ lójú wà lára wọn, ṣé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n má pe ara wọn ní òǹkàwé mọ́? Ní 1952, J. R. R. Tolkien fúnra rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Malvern, ó ka apá kan ìtàn tó kọ, The Hobbit, sínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé ò rí i bí àbùkù.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa bá ọmọ jà lé lórí ni irú ohùn tó ń gbọ́. Kí ẹ tó sanwó fún ìwé Fágúnwà tí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ ọ díẹ̀. Ẹ wá ibi tí ọdẹ tó ń jẹ́ Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn ti ń halẹ̀ àti ibi tí Olóhùn-iyọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọrin. Bí ọ̀kan náà ni wọ́n bá dún, ẹ má rà á. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń kà á, tó ń pe orúkọ àwọn ọdẹ bí ẹni ka iye ọjà, ẹ pa á. Ẹ lọ ra ti bébà, kí ẹ̀yin fúnra yín kà á sókè fún ọmọ yín lálẹ́.