Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí kò nílò ẹlẹ́rìí lórí òwe yìí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ á fẹsẹ̀ kọ, á ṣubú gbì, á wá gbójú sókè kó tó ké. Ìyá rẹ̀ ló ń wá. Ohun tó gbé e ṣubú kò kàn án. Ẹni tí yóò gbé e dìde ló ká a lára. Àgbàlagbà tó bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà, kó tó gbọn eruku ara rẹ̀ tán ni yóò ti yíjú padà. Ṣé òkúta ni, àbí gbòǹgbò igi? Ó mọ̀ pé ọ̀nà oko ni, pé òun yóò tún gba ibẹ̀ lọ́la, tòun tẹrù lórí.

Ìṣirò dátà ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun, mo sì ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ inú rẹ̀ ní R, èdè tí a fi ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ ìṣirò. Kò sí ọjọ́ tí òwe yìí kì í sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn èèyàn rò pé ìṣirò fúnra rẹ̀ ló le, pé ibẹ̀ ni ọmọ-ẹ̀kọ́ ti ń jìyà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù ni ibi tí a ti ń ṣa dátà, tí a ti ń tò ó: ká yọ ìlà tí kò wúlò, ká so tábìlì méjì pọ̀, ká sọ ohun tí a kọ bí ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ká pín dátà sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ká tó ro ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà ni. Ẹni tí kò bá ṣa ẹ̀wà dáadáa, bó ti wù kí ata rẹ̀ dùn tó, eyín ẹni tó ń jẹ ẹ́ yóò kan òkúta.

Torí àtikọ́ni gan-an ni wọ́n ṣe dá R sílẹ̀. Ross Ihaka àti Robert Gentleman, olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tó sàn ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Wọ́n wo S, èdè ìṣirò tí John Chambers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1976, wọ́n sì mú nínú àṣà rẹ̀. Ní 1995 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2000 ni R 1.0.0 jáde. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ọmọ tálákà tó ní kọ̀ǹpútà àlòkù lè lò ó bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í mú olùkọ́ dání wá. Ẹni tó gbé R sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lóru, òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó bá ṣubú.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan lára àwọn tí mò ń kọ́ pè mí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ní kó bá mi ro ìpíndọ́gba, NA ṣáá ló ń kọ sí mi lójú." Dátà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń bá R wá fúnra rẹ̀, airquality ni orúkọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìlú New York ni wọ́n wọ̀n lójoojúmọ́, láti oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1973. Ìlà 153 ló ní, ìlà kan fún ọjọ́ kan, àti òpó mẹ́fà: ozone, ìtànṣán oòrùn, agbára atẹ́gùn, ooru, oṣù àti ọjọ́. Ozone yìí, bó bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Ohun tí ọmọ náà kọ kò ju mean(airquality$Ozone) lọ. Ìdáhùn R kò ju lẹ́tà méjì lọ: NA.

Mo mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹni tó bá ti lo R fún oṣù mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Kó fi na.rm = TRUE kún un, NA yóò pòórá, 42.13 yóò sì jáde. Ká ní mo sọ ọ́ fún un, yóò dúpẹ́, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Màá ti gbé ọmọ dìde, n kò sì ní fi òkúta hàn án.

Mo bi í pé, "Kí lo rò pé NA ń sọ fún ẹ?"

"Pé mo ti ṣe àṣìṣe, mà."

"O ò ṣe àṣìṣe kankan. Jẹ́ ká sọ pé àwọn àbúrò ẹ mẹ́ta lọ tajà. Ọ̀kan pa ẹgbẹ̀rún méjì náírà, èkejì pa ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ẹ̀kẹta kò tíì délé. Èló ni gbogbo wọn pa?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "A ò tíì mọ̀, mà."

"Ohun tí R sọ fún ẹ náà nìyẹn."

Àbúrò tó délé pẹ̀lú ọwọ́ òfo, òdo ni tirẹ̀. Èyí tí kò tíì délé, NA ni tirẹ̀. Ẹni tó bá mú méjèèjì pọ̀ ti purọ́ mọ́ ẹni tó ṣì wà lọ́jà. Ìdí kan náà ló fà á tó fi jẹ́ pé bí o bá bi R bóyá NA kan bá NA mìíràn dọ́gba, NA náà ni yóò tún fi dá ẹ lóhùn. Bí a kò bá mọ ọjọ́ orí ẹni méjì, ta ni yóò sọ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n?

Nígbà tí èyí yé e, mo ní kó yíjú padà wo ọ̀nà tó gbà wá. Ó tẹ summary(airquality), ó sì rí i pé ọjọ́ 37 ni kò sí àkọsílẹ̀ ozone. Mo ní kó má dúró síbẹ̀, kó kà á lóṣooṣù. Ó kà á: márùn-ún ló sọnù ní oṣù karùn-ún, 21 ní oṣù kẹfà, márùn-ún ní oṣù keje, márùn-ún ní oṣù kẹjọ, ọ̀kan ní oṣù kẹsàn-án. "Àǹtí! Oṣù kẹfà!" Ó ti rí òkúta náà. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́, mẹ́sàn-án péré ló ní àkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi na.rm = TRUE ro ìpíndọ́gba oṣù kọ̀ọ̀kan, R yóò kọ 29.44 fún oṣù kẹfà àti 59.12 fún oṣù keje, wọn yóò sì jókòó síra wọn bí ẹgbẹ́. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ru ti oṣù kẹfà, ọjọ́ 26 ló ru ti oṣù keje. Ẹni tó fi na.rm = TRUE lé NA lọ láìwo ẹ̀yìn fi ewé bo òkúta lójú ọ̀nà ni; òkúta ṣì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò kàn án.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ òwe náà. Kò bú ọmọdé. Ọmọdé tó ṣubú tó ń wo iwájú ń ṣe ohun tó yẹ ọmọdé. Nítorí náà, gbígbé dìde ló ṣáájú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti rí àwọn tó mọ R dénú, tó jẹ́ pé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ bá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọn á ní kó lọ kàwé, wọn á bi í bóyá kò lójú ni. Ọmọ tí wọ́n bú lọ́jọ́ tó ṣubú kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ mọ ìrìn. Ohun tó ń kọ́ ni pé kó má ké mọ́. Yóò máa ṣubú ní kọ̀rọ̀, yóò máa fi nọ́ńbà tí kò dá a lójú ránṣẹ́ sí ọ̀gá, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun kò mọ̀. Dátà burúkú tó ti inú ìtìjú jáde kò ṣe é dá mọ̀ lójú. Ó máa ń mọ́ tónítóní.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọmọ dìde nígbà gbogbo tí kò yí i lọ́rùn padà rí, ipò ọmọdé ló ń fi í sí títí. Kóòdù tí a kọ fún ẹlòmíràn yóò yanjú ìṣòro òní. Ọ̀nà tí a fi ń wo ẹ̀yìn ni yóò yanjú ti ọ̀la, nígbà tí a kò sí nítòsí.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà ti ṣubú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n kó àkọsílẹ̀ iye owó oúnjẹ láti ọjà mélòó kan fún mi pé kí n fi kọ ìjábọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fi kọ́mà sáàárín nọ́ńbà: 8,500, 9,200. R ìgbà náà rí kọ́mà, ó ní ọ̀rọ̀ lèyí, ó sì sọ gbogbo òpó náà di factor, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a pín sí ìsọ̀rí, tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ lábẹ́lẹ̀. Mo fi as.numeric sọ ọ́ di nọ́ńbà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn ló kó fún mi, kì í ṣe owó. Ẹ wò ó báyìí: bí 10, 20 àti 5 bá wà nínú factor bí ọ̀rọ̀, R á tò wọ́n bí ìwé atúmọ̀-èdè ṣe ń to ọ̀rọ̀: 10 ló ṣáájú, 20 ló tẹ̀ lé e, 5 ló kẹ́yìn. Bí o bá wá ní kó sọ wọ́n di nọ́ńbà, 1, 2, 3 ni yóò kó lé ẹ lọ́wọ́. Èyí tó kéré jù ti di èyí tó tóbi jù, R kò sì pariwo rárá. Ìjábọ̀ mi dé iwájú ọ̀gá mi pẹ̀lú àpò gàrí tó jẹ́ náírà mẹ́rìnlá. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o wo ohun tí o kọ síbí?" N kò wò ó. Iwájú ni mo ń wò, ọjọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ náà ni mo ń sá bá.

Ìṣubú tó ní ariwo sàn. NA ń pariwo, àṣìṣe tí R kọ sójú kọ̀ǹpútà ń pariwo. Èyí tó dákẹ́ ló ń ṣe èèyàn léṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi láti máa wo ẹ̀yìn kódà nígbà tí wọn kò ṣubú. Bí o bá ka dátà wọlé, tẹ str, kí o mọ èyí tó jẹ́ nọ́ńbà àti èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀. Bí o bá fẹ́ so tábìlì méjì pọ̀, ka ìlà ṣáájú, kí o tún kà á lẹ́yìn. Bí orúkọ ọjà kan bá wà lẹ́ẹ̀mejì nínú tábìlì kejì, gbogbo ìlà ọjà náà nínú tábìlì àkọ́kọ́ yóò di méjì-méjì, àròpọ̀ owó yóò sì wú. Hadley Wickham, tí òun náà kẹ́kọ̀ọ́ ní Auckland, gbé dplyr jáde ní 2014, ó sì sọ iṣẹ́ títo dátà di ọ̀rọ̀-ìṣe mélòó kan: filter ń ṣa ìlà, select ń mú òpó, mutate ń dá òpó tuntun, summarise ń kó wọn jọ sí nọ́ńbà kan. A máa ń so wọ́n mọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ̀wọ̀n onígbésẹ̀ mẹ́jọ bá já, ìsàlẹ̀ ni R yóò ti ké, ṣùgbọ́n òkè lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́. Padà sí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ṣe é, wò ó. Ṣe èkejì, wò ó.

Ẹni tó fẹ́ bèèrè náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá gàrí kan àbí kò kan kì í ru àpò kiri. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló ń bù, á tọ́ ọ wò. Bákan náà, má ṣe sọ pé "kò ṣiṣẹ́" kí o sì kó fáìlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà lé olùkọ́ lọ́wọ́. Bu ìlà márùn-ún tó ṣì ń fi ìṣòro náà hàn, fi àṣẹ R tó ń jẹ́ dput kọ wọ́n jáde, sọ ohun tí o ṣe, ohun tí o ń retí, àti ohun tí o rí. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ mi ṣe bẹ́ẹ̀, ìdajì nínú wọn kì í padà wá bèèrè mọ́. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀kúnwọ́ náà ni wọ́n rí òkúta inú rẹ̀.

Òwe náà ní ìtumọ̀ mìíràn tó jẹ́ pé ọjọ́ orí ló jẹ́ kó yé mi. Àgbà tó wo ẹ̀yìn kò rí òkúta nìkan. Ó rí àwọn tó ń bọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, R 4.0.0 jáde, láti ọjọ́ náà ni R kò ti fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ di factor mọ́ nígbà tó bá ń ka fáìlì wọlé. Bí ọmọ kan bá fi as.numeric lu 8,500 lónìí, NA ni yóò rí, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Òkúta tó gbé mi ṣubú, tó sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú fún ohun tó lé ní ogún ọdún, àwọn àgbà tó ń tọ́jú èdè náà yíjú padà, wọ́n sì gbé e kúrò lójú ọ̀nà.

Kíláàsì mi ní ìwé kan tí gbogbo wa jọ ń kọ, níbi tí ẹni tó bá ṣubú ti ń kọ ohun tó gbé e ṣubú sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 29.44, ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn fi bírò pupa kọ ọ́: "Ọjọ́ 9 péré ló wà níhìn-ín. Ẹ rọra."