Owó Ta Ni Wọ́n Fi Ń Ṣẹ́yún?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ariwo tí ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ń pa káàkiri Amẹ́ríkà ni pé Ààrẹ Barack Obama fẹ́ fi àbádòfin ìlera rẹ̀ kó owó orí aráàlú fún àwọn tó ń ṣẹ́yún. Àwọn akọ̀ròyìn bá lọ tú ìwé adójútòfò tí ẹgbẹ́ náà rà fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ pa èèyàn lẹ́rìn-ín: láti ọdún 1991 ni adójútòfò náà ti fàyè gba ìṣẹ́yún. Ọdún méjìdínlógún gbáko, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Michael Steele, alága ẹgbẹ́, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn, pàṣẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kíá.

Àwọn Democrat rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kò dénú. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù náà, inú ilé tiwọn ni iná ti ràn. Bart Stupak, Democrat láti Michigan, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rí, òun àti Joe Pitts, Republican láti Pennsylvania, gbé àtúnṣe kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Wọ́n ní adójútòfò tí ẹnikẹ́ni bá fi owó ìrànwọ́ ìjọba rà, bí owó náà ti wù kó kéré tó, kò gbọdọ̀ sanwó ìṣẹ́yún, àfi bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu, tàbí bó bá jẹ́ oyún ìfipábánilòpọ̀ tàbí ti ìbátan sí ìbátan. Obìnrin tó bá ń fẹ́ ju ìyẹn lọ, kó fi owó ara rẹ̀ ra adójútòfò mìíràn lọ́tọ̀. Bí ẹni pé obìnrin kan wà níbì kan tó máa ń jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ṣírò oyún tí kò rò tẹ́lẹ̀!

Ìbò 240 gbè é, 194 kọ̀ ọ́. Democrat mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà nínú àwọn tó gbè é. Nancy Pelosi, abẹnugan ilé, kò fara mọ́ ọn rárá, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún sì ni. Ṣùgbọ́n ó ti ka ìbò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí i pé láìjẹ́ kí Stupak rí ohun tó ń fẹ́, àbádòfin náà yóò ṣubú. Lóru ọjọ́ yẹn kan náà ló wọlé pẹ̀lú ìbò 220 sí 215. Joseph Cao ti New Orleans nìkan ni Republican tó dìbò fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Diana DeGette ti Colorado ti ń kó ìwé kiri láàárín àwọn aṣòfin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin. Ó lé ní ogójì wọn tó búra pé bí gbólóhùn Stupak bá kù síbẹ̀ títí dé òpin, àwọn kò ní dìbò fún òfin náà.

Ìjà yìí ti wà nílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dé Washington. Ní 1973 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́yún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Henry Hyde, aṣòfin tuntun láti Illinois, fi gbólóhùn kan há inú òfin ìnáwó: Medicaid, ètò tí ìjọba ti fi ń tọ́jú àwọn aláìní láti 1965, kò gbọdọ̀ náwó sórí ìṣẹ́yún. Hyde kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó sọ fún ilé pé bó bá ṣe é ṣe ni, òun ì bá dínà mọ́ olówó, mẹ̀kúnnù àti tálákà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n Medicaid nìkan lọ́wọ́ òun tó. Ní 1980, adájọ́ márùn-ún ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè é, mẹ́rin kọ̀, Thurgood Marshall sì wà lára àwọn tó kọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn aṣòfin ti ń tún gbólóhùn yẹn kọ lọ́dọọdún, Democrat ni o, Republican ni o. Joe Biden gbè é fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé aṣòfin àgbà. Oṣù Kẹfà ọdún 2019, nígbà tó ń wá ipò ààrẹ, ló tó sọ pé òun kò ṣe mọ́.

Nítorí náà, ní 2009, ìjà náà kì í ṣe lórí bóyá kí wọ́n fa ọ̀rọ̀ Hyde ya. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà ni ibi tí owó ìjọba parí sí àti ibi tí owó ẹni tó ra adójútòfò ti bẹ̀rẹ̀. Ìhà ti Stupak ní ọgbọ́n tirẹ̀: ẹ̀gbọ́n tó bá àbúrò rẹ̀ san owó ilé kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò mọ nípa ọtí tí àbúrò fi owó ilé náà rà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó orí tí ìjọba àpapọ̀ kì í gbà lórí adójútòfò tí àwọn ilé iṣẹ́ ń rà fún òṣìṣẹ́ wọn lé ní ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, ọ̀pọ̀ nínú adójútòfò wọ̀nyẹn ló sì ń sanwó ìṣẹ́yún, títí kan ti oríléeṣẹ́ Republican tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà kì í ha ṣe ìrànwọ́ ìjọba? Stupak kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá, owó rẹ̀ mọ́. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé oúnjẹ, tó nílò ìrànwọ́ kó tó lè ra adójútòfò, owó tirẹ̀ ni wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí lára.

Nílé aṣòfin àgbà, níbi tí Obama ti nílò ọgọ́ta ìbò, ọwọ́ Ben Nelson, Democrat láti Nebraska, ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àtúnṣe tirẹ̀, tó jọ ti Stupak, ṣubú ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Wọ́n bá dọ́gbọ́n mìíràn. Ìpínlẹ̀ tó bá wù lè lé adójútòfò tó ń sanwó ìṣẹ́yún kúrò lọ́jà adójútòfò tí òfin náà dá sílẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti lé e, ilé iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ gba owó ìṣẹ́yún lọ́tọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ra irú adójútòfò bẹ́ẹ̀, kó fi sí àpò ọ̀tọ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣírò rẹ̀ sí ohun tó dín sí dọ́là kan lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin náà ní kí wọ́n má wo ọjọ́ orí, kí wọ́n má wo ọkùnrin tàbí obìnrin. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún, tirẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà, tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlera gbogbo èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́, ní dọ́là ọ̀tọ̀ yìí kò tó. Sísítà Carol Keehan, tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ìjọ Àgùdà, ní ó tó. Ìjọ kan náà, ìwé òfin kan náà. Nígbà tí Obama fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2010, Keehan wà lára àwọn tó fún ní ọ̀kan nínú kálàmù tó fi fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ìyẹn ni Stupak gbà láti dìbò, lẹ́yìn tí Obama ti ṣèlérí àṣẹ ààrẹ kan tó tún òfin Hyde sọ. Àṣẹ tí ààrẹ mìíràn lè fi gègé kan ṣoṣo pa rẹ́ ni. Bí Stupak ti ń sọ̀rọ̀ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, Randy Neugebauer, Republican láti Texas, kígbe ọ̀rọ̀ apani ọmọ láti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì ó tọrọ àforíjì, ó ní àdéhùn náà ni òun ń bá wí, kì í ṣe Stupak. Susan B. Anthony List, ẹgbẹ́ kan tó ń tako ìṣẹ́yún, tó ti ṣètò láti fi àmì ẹ̀yẹ dá Stupak lọ́lá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, gba àmì ẹ̀yẹ wọn padà. Inú àwọn ẹgbẹ́ obìnrin náà kò dùn sí àṣẹ ààrẹ yẹn. Oṣù Kẹrin kò tíì tán tí Stupak fi sọ pé òun kò ní díje mọ́.

Ti Steve Driehaus, aṣòfin Democrat láti Ohio, tún burú jù. Ó wà pẹ̀lú Stupak, ó sì dìbò fún òfin náà nítorí àṣẹ ààrẹ yẹn. Ẹgbẹ́ Susan B. Anthony List fẹ́ gbé pátákó ìpolówó síta pé Driehaus dìbò fún ìṣẹ́yún pẹ̀lú owó orí aráàlú. Ó fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ ìdìbò Ohio, nítorí òfin ìpínlẹ̀ náà kò fàyè gba irọ́ nígbà ìpolongo ìbò. Ó fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún yẹn. Ọ̀rọ̀ pátákó náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2014, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì sọ pé ẹgbẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbéjà ko òfin Ohio. Lẹ́yìn náà, òfin ọ̀hún wó. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò bá wọn yanjú ìbéèrè tó wà lára pátákó.

Lónìí, nǹkan bí ìdajì ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti lé adójútòfò tó ń sanwó ìṣẹ́yún kúrò lọ́jà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti fagi lé ẹ̀tọ́ ti 1973 ní oṣù Kẹfà 2022. Èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ àpò ọ̀tọ̀ ti tán nìyẹn. Ní ìparí 2025, nígbà tí àfikún owó ìrànwọ́ adójútòfò tí wọ́n ti ń san láti 2021 fẹ́ kásẹ̀ ńlẹ̀, àwọn Republican kan ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Hyde tó le ju ti tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn Democrat ní ó ti wà níbẹ̀ láti 2010. Ó wà lára ohun tó há wọn lọ́fun tí àdéhùn kò fi ṣeé ṣe. Àfikún náà parí. Àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ lé ní ogún mílíọ̀nù. Àgbẹ̀, awakọ̀ àti oníṣòwò kékeré tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún wà lára àwọn tí owó adójútòfò wọn fò sókè ní oṣù Kìíní ọdún 2026.